Ẹni Tó Ru Ẹrù Nínú Òjò

Ọ̀rọ̀ aláàárù ni mo gbé wá lónìí, ẹni tó ń ru ẹrù ẹlòmíràn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nígbà tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́.

Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa ní Bantè àti Savalou, orí èèyàn ni ẹrù ń bá rìn. Ní 1894, nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń du ìlú Nikki, àwọn Faransé tẹ ibùdó kan dó níhà àríwá Savalou, wọ́n pè é ní Carnotville. Lugard, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwé àdéhùn ní Nikki lọ́jọ́ 10 oṣù kọkànlá; Decoeur, ará Faransé, wọ ìlú náà lọ́jọ́ 26 oṣù kan náà. Orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìtàn. Ó ń dùn mí pé a kì í gbọ́ orúkọ àwọn tó ru àgọ́ àti oúnjẹ wọn.

Nígbà tí ojú irin ti Cotonou dé, Dassa àti Savè ló gbà lọ, kò ya ọ̀dọ̀ tiwa. Lọ́dọ̀ wa, orí èèyàn náà ni ẹrù ṣì wà: bíi kílò 25 sí 30 ni àwọn Faransé ń gbé ru ẹnì kan, tipátipá nígbà púpọ̀. Oṣù kẹrin 1946 ni òfin tó fagi lé iṣẹ́ àfipáṣe jáde.

Kí ni òjò ń ṣe fún aláàárù? Òṣùká á mu omi, àpò á mu omi, ẹrù á wúwo sí i. Ọwọ́ tó di ẹrù mú kò lè di igi mú bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ lórí àpáta. Ẹrù kò sì jẹ́ kó tẹrí ba wo ibi tó ń tẹ̀.

Òtútù ńkọ́? Ẹ má sọ pé ilẹ̀ wa gbóná jù. Aṣọ tó rin gbingbin àti atẹ́gùn ń fa ooru kúrò lára ẹni tó ti rẹ̀. Ara á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Bí kò bá gbọ̀n mọ́, tí aṣọ ṣì tutù, tí ahọ́n rẹ̀ ń lọ́, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ewu ti dé. Ẹ bọ́ aṣọ náà, ẹ fi gbígbẹ wé e, ẹ fún un ní ohun gbígbóná tó ládùn bó bá lè gbé e mì. Ọtí sódàbí kọ́ o! Sódàbí ń gbé ooru inú wá sí awọ ara, ibẹ̀ ló ti ń sá lọ.

Ní oṣù kẹwàá 2014, ìjì yìnyín ká àwọn arìnrìn-àjò mọ́ òkè Annapurna ní Nepal. Èèyàn tó lé ní 40 ló kú, àwọn aláàárù wà lára wọn. Ní Peru, òfin kan tó jáde ní 2001 sọ pé aláàárù kò gbọdọ̀ ru ju kílò 20 lọ. Òfin gidi nìyẹn.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ tí Savalou ń ṣọdún iṣu, àárín òjò ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gun òkè lásìkò náà, tí ẹ sì gba ọmọ kan kó bá yín ru ẹrù, ẹ wá aṣọ òjò fún un kí ẹ tó gbéra. Bí òjò bá ṣú, ẹ bá a sọ ẹrù náà, ẹ fi ẹrù sílẹ̀ sórí òkè, kí ẹ sì jọ sọ̀ kalẹ̀.