Afẹ́fẹ́ Lè Gbé Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Sókè, Kò Lè Dá Ẹrù Padà Síwájú

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù fa tírélà kékeré là ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, ìbáà ṣe pákó lẹ kó sí i, tàbí jẹnẹrétọ̀.

Tí ẹ bá so tírélà mọ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn á rì, imú á gbé sókè. Ọ̀pọ̀ á sáré fẹ́ afẹ́fẹ́ sí báàgì rọ́bà tó wà nídìí sípíríǹgì ẹ̀yìn. Ọkọ̀ á dọ́gba lójú, wọ́n á ní ó ti parí. Kò tíì parí o!

Ẹ wo ọ̀kadà tí wọ́n di àpò gààrí sí ìdí rẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ rẹ̀ á fúyẹ́, táyà iwájú ò ní mú ilẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá gbé ìdí ọ̀kadà yẹn ga sí i, ṣé àpò gààrí ti kúrò níbẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni píkọ́ọ̀pù. Táyà iwájú ló ń darí ọkọ̀, òun ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ búréèkì. Tí lọ́rì tó kó gẹdú bá yọ níwájú yín, ẹ ò ní fẹ́ kí sítiárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ohun tó ń dá ẹrù padà síwájú ni ìkọ́ tí wọ́n ń pè ní weight distribution hitch. Ó ní ọ̀pá irin tó ń tẹ̀ bí ọrun. Tí ẹ bá fà á le, á ti díẹ̀ nínú ẹrù sórí táyà iwájú, á ti díẹ̀ sórí táyà tírélà.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Kí ẹ tó so tírélà, ẹ dín afẹ́fẹ́ báàgì kù dé ìwọ̀n tó kéré jù tí ìwé rẹ̀ gbà. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé etí irin tó bo táyà iwájú. Ká ní 90 sẹ̀ǹtímítà ni. Ẹ so tírélà, ẹ tún un wọ̀n: ká ní ó di 94. Ẹ fa ọ̀pá le títí á fi sọ̀kalẹ̀ sí 92, tàbí kó sún mọ́ 90, àmọ́ kó má rẹlẹ̀ ju 90 lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ lè fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ kún un. Tó bá pọ̀ jù, ọ̀pá á dẹ̀, nítorí náà ẹ tún iwájú wọ̀n.

Tí ọkọ̀ yín bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ìwé ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọ̀sà, ẹ kọ́kọ́ béèrè: tírélà míì ò gba ọ̀pá yìí.

Ìkọ́ ò fi kún agbára ọkọ̀, báàgì náà ò fi kún un. Ẹrù tó bá ju agbára ọkọ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ kó o. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí awakọ̀ kan lórí WhatsApp.