Ẹ̀rọ Tí Ń Wá Irin àti Ahoro Ìlú Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Àwọn ọ̀dọ́ wa kan dábàá pé kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń wá irin nínú ilẹ̀, kí a fi wá ohun tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ ní ahoro ìlú wa. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí.

Àwo pẹrẹsẹ tí a ká wáyà sí nínú ni ó wà nídìí ẹ̀rọ yìí. Bí iná bátìrì bá ń gba inú wáyà náà kọjá, agbára bí ti òòfà a máa wọ ilẹ̀ lọ. Bí ó bá kan irin, idẹ tàbí wúrà, ẹ̀rọ a dún. Bí nǹkan náà bá ṣe jìn tó ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tí ń wá ohun tí ó jìn yóò lo àwo ńlá, bí ó tilẹ̀ lè fo ohun kékeré. Yóò fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí, yóò mú àwo sún mọ́ ilẹ̀, yóò sì máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ipa àwo kan máa gun orí èkejì. Yangí ilẹ̀ wa pẹ̀lú ní irin nínú. Ó lè tan ẹ̀rọ jẹ bí a kò bá kọ́kọ́ yí i kí ó bá ilẹ̀ mu.

Ìgbà tí ẹ̀rọ bá dún gan-an ni iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, ní Hoxne, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric Lawes ń bá àgbẹ̀ kan wá òòlù tí ó sọnù. Owó wúrà àti fàdákà ni ó bá pàdé. Ó dáwọ́ dúró, wọ́n sì ránṣẹ́ pe àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀. Nítorí èyí ni a fi mọ bí àwọn ará ìgbà Róòmù ti to ẹrù náà sínú àpótí, owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1938, àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn. Kò sí onímọ̀ nítòsí láti kọ bí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sì wà ní London títí di òní.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: òfin ọdún 1979 kò gbà kí a wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ẹ jẹ́ kí a gbà á ṣáájú. Bí ẹ̀rọ bá sì dún láti ìsàlẹ̀ jíjìn, kí a sàmì síbẹ̀, kí a fi ọkọ́ sílẹ̀, kí a ránṣẹ́ sí Kábíyèsí àti àwọn ará mùsíọ́mù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.