Ẹja Àrọ̀ àti Ìwé Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn tó ti ka Ìwé Kìíní tán sọ

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti oko bọ̀ síbí tààrà, kò tíì jẹun. A ò ní pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹja ni a fẹ́ sọ. Ẹ rántí ọbẹ̀ tí ẹ jẹ lánàá. Bí ẹja bá wà níbẹ̀, níbo ló ti wá? Bó bá jẹ́ ṣáwá tàbí pánla, ọkọ̀ òkun ló gbé e wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹja tí Nàìjíríà ń fẹ́ lọ́dún lé ní mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù. Èyí tí a ń rí nílé kò ju bíi mílíọ̀nù 1 lọ. Apá kan nínú ìyókù, a ń fi owó rà á lókè òkun. Apá kejì, a kì í rí i jẹ rárá.

Kì í ṣe pé àwọn apẹja wa jókòó o. Ará Ẹ̀pẹ́, ará Ìlàjẹ, ará Àgbádárìgì ń da àwọ̀n, wọ́n ń dẹ ìgèrè bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe. Ẹni tó bá ti dé ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ẹja ọ̀sà ò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń jẹ ẹja ń pọ̀ sí i, ọ̀sà ò sì fẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gbẹ́ adágún sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń sin ẹja bí ẹni ń sin adìẹ.

Àrọ̀ ni wọ́n ń sìn jù. Ẹ̀mí rẹ̀ le. Bí afẹ́fẹ́ inú omi ò bá tó o, á yọ orí, á mí sókè. Bó bá rí oúnjẹ gidi jẹ, ó lè tó kílò 1 láàárín oṣù 6. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń jẹ ọmọ ìyá rẹ̀: bí ńlá àti kékeré bá wà pọ̀, ńlá á gbé kékeré mì. A gbọ́dọ̀ máa ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ wo iye èèyàn tí adágún kan ń bọ́. Ẹnìkan ló pa ọmọ ẹja tà. Ẹlòmíràn ló gbẹ́ ilẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo àti sọ́yà rí owó, nítorí inú oúnjẹ ẹja ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ sí. Awakọ̀ rí tirẹ̀. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja rí tiwọn, ẹni tó ta igi ìdáná fún wọn náà rí díẹ̀. Owó yẹn ò kúrò nílùú.

Ní Eriwe, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn olùsìn ẹja kó adágún wọn jọ sójú kan bí abúlé, nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹja tó ti tó tà kì í gbààwẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń jẹun. Oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á ní òun ń bọ̀ lọ́la, á ní ó di ọ̀tunla, títí ẹni tó dá nìkan wà á fi ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Ẹgbẹ́ lè fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò tà á. Wọ́n sì lè ra oúnjẹ ẹja pọ̀.

Oúnjẹ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú náírà 100 tí olùsìn ẹja bá ná, 60 sí 70 lè jẹ́ ti oúnjẹ. Ẹ bá wa ṣírò. Ẹja 1,000, kílò 1 kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ wọn lè tó kílò 1,200. Bí àpò kan bá jẹ́ kílò 15, àpò 80 nìyẹn. Ta ló lè fi orí lásán rántí àpò 80 fún oṣù 6?

Bàbá kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ta ẹja, ó ka owó, inú rẹ̀ dùn, ó pa àgbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹja gbé ìwé tirẹ̀ dé. Ó ní àpò 19 ni bàbá gbà láwìn. Bàbá ní 12 ni òun rántí. Ta ló jàre? A ò lè sọ, nítorí ìwé ẹnìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bàbá san 19. Owó ọmọ ẹja tí ì bá fi bẹ̀rẹ̀ padà bá a lọ. Títí di òní, koríko ló wà nínú adágún náà.

Bàbá yẹn mọ̀wé kà nígbà náà o. Ó lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ó lè kọ nọ́ńbà dé 100. Kò kàn rò pé iṣẹ́ adágún ni ìwé wà fún.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé àti pẹ́ńsù wá. A ó fa ìlà sí i: ọjọ́, àpò tí a rà, owó tí a san, àwìn tó kù, ẹja tó kú. Ẹni tí kò ní adágún lè fi adìẹ rẹ̀ tàbí àtẹ ọjà rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó bá sì ti jẹ àwìn, kó béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà fún un kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.