Ọ̀rọ̀ Admin: Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń tà fún wa ní Zawaciki

Ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀, wọ́n ti mú iná lọ. Ọ̀rọ̀ plásà tí ejẹ́ǹtì yẹn wá polówó ni mo fẹ́ sọ. Ẹni 14 ti kọ orúkọ sílẹ̀, àwọn kan sì ti ní ká yọ owó àjọ sí i kó tó di Jímọ̀.

Irọ́ kọ́ ni ejẹ́ǹtì ń pa pé àdúgbò yẹn ń bọ̀ wá là. Èbúté orí ilẹ̀ Dala wà ní Zawaciki lóòótọ́. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari ṣí i. Ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin Kàdúná sí Kánò, kìlómítà 203. Ohun tí irú èbúté bẹ́ẹ̀ wà fún ni kí kọ̀ǹtéénà wa má jókòó sí Èkó, kó dé Kánò níbí kí àwọn aṣọ́bodè tó yẹ̀ ẹ́ wò, ká san owó ibodè níbí. Ẹni tó bá ti sun Àpápá mọ́jú rí nítorí ẹrù mọ ohun tí mò ń wí.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wá ra léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ kọ̀ǹtéénà? Ẹni tó fẹ́ aṣọ, Kwari ló ń lọ. Ẹni tó fẹ́ ọkà, Dawanau ni. Oníbàárà kì í tẹ̀lé ilé tuntun, ibi tí irú ọjà yẹn pọ̀ sí ló ń lọ, kó lè ná an lọ́tùn-ún, kó ná an lósì. Sítọ̀ ńlá, ibi tí tírélà máa sùn, mẹkáníìkì, àwọn tó ń lẹ táyà, olóúnjẹ, àwọn wọ̀nyí ni èbúté kọ́kọ́ máa ń fẹ́. Alámàlà á ti tà tán níbẹ̀ kí aláṣọ tó rí ẹni kí. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Mílíọ̀nù 6 ni wọ́n pe ṣọ́ọ̀bù kan. Ká ní ẹ rí ayálégbé tó ń san ẹgbẹ̀rún 400 lọ́dún, tí kò ṣófo rí, ọdún 15 ni owó yín tó padà. A ò tíì ka owó ọlọ́dẹ àti owó ilẹ̀ gbígbá.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń tà gan-an? Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, “allocation” ló ń pè é. Ṣé ilẹ̀ ni, àbí ilé, àbí àyè láti jókòó fún ọdún mélòó kan? Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó ní C of O, tó bá fẹ́ tà á tàbí kó fi háyà, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìwé tí Mai Unguwa nìkan buwọ́ lù kò tó. Bí ìjọba bá sì fẹ́ gba ilẹ̀ fún ojú irin tàbí títì lọ́la, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọ́n máa pè wá gba owó ìtanràn, kì í ṣe ẹni tó ní rìsíìtì plásà lọ́wọ́.

Àwọn bàbá kan ní nítorí a jẹ́ àlejò ni mo ṣe ń bẹ̀rù. Rárá o. Abala 43 nínú òfin ọdún 1999 sọ pé ọmọ Nàìjíríà lè ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi ní Nàìjíríà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kó jẹ́ tiwa délẹ̀.

Mi ò ní buwọ́ lù ú kí owó àjọ jáde ní Jímọ̀. Owó ilé ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀, owó tí àwọn kan máa fi ra ọjà Iléyá náà wà níbẹ̀. Kí àwọn 14 dá owó lọ́yà jọ, kó lọ yẹ ìwé náà wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Bó bá mọ́, a jọ máa ná an ni, ẹnu 14 ju ẹnu kan lọ. Mo ti ní kí ejẹ́ǹtì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní òun máa pe ọ̀gá òun. Ọ̀dọ̀ akápò ni kí ẹ san owó lọ́yà sí, ẹ má fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi.