Ìpalẹ̀mọ́ Ṣáájú Ìṣípò: Láti Oko Kòkó dé Mùdùnmúdùn Egungun



Tí a bá gbọ́ pé wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun fún ènìyàn, ọjọ́ tí wọ́n fà á sí i lára ni gbogbo wa máa ń béèrè. Ọjọ́ yẹn gan-an kò le. Inú àpò ni mùdùnmúdùn náà wà, ó ń kán wọ iṣan bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára, ó sì lè parí láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ewu ti ń wá, òun sì ni àwa ẹbí kì í béèrè.

Ẹ jẹ́ kí n ti oko bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kòkó tí a gbìn sínú ọ̀rá máa ń wà lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ fún bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí òjò bá ń sún mọ́lé, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í ti abẹ́ ìbòji gbé e sínú oòrùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ imọ̀ náà kúrò lórí rẹ̀. Ti tòmátò àti ata kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni wọ́n fi ń dín omi rẹ̀ kù, tí wọ́n ń jẹ́ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ kàn án. Ewé tó hù lábẹ́ ìbòji tín-ín-rín, ìda tó bo ojú rẹ̀ kò nípọn, omi tètè ń gba ibẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà tí a bá tu ohun ọ̀gbìn, àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi á já. Tí ewé bá ń ná omi ju èyí tí gbòǹgbò ń pa wọlé, yóò rọ. Ìyà kékeré tí a fi kọ́ ọ ló mú kí ìda náà nípọn, tí ìdàgbà rẹ̀ fi dẹwọ́, tí oúnjẹ fi kó jọ sí i lára. Tí ìyà náà bá pẹ́ jù, tòmátò á ràn.

Ní oko, ẹni tó ń lọ ni a ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ilé ìwòsàn, ẹni tó ń gba àlejò ni. Mùdùnmúdùn tí wọ́n gbà lára ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ara tó ń wọ̀ ni wọ́n ń fi oògùn líle tàbí ìtànṣán kọlù.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wá: kí àìsàn inú mùdùnmúdùn àtijọ́ kú, kí àyè ṣí sílẹ̀ nínú egungun, kí àwọn ọmọ ogun ara má sì lé àjèjì náà jáde. Ọdún 1957 ni E. Donnall Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde láti Cooperstown, ní ìpínlẹ̀ New York, nípa aláìsàn 6 tí wọ́n ṣe é fún. Kò sí èyí tó pẹ́ láyé nínú wọn. Àwọn míì ì bá fi í sílẹ̀. Thomas ò fi í sílẹ̀, ní 1990 sì ni òun àti Joseph Murray tó pààrọ̀ kíndìnrín jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Ní 1968, Robert Good àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota fa mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n obìnrin sí ara ọmọkùnrin kékeré kan tí wọ́n bí láìní ọmọ ogun ara. Ó gbà á láìsí oògùn ìpalẹ̀mọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá àlejò jà níbẹ̀.

Ní ti àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ní 1984 ni ìròyìn jáde láti Memphis nípa ọmọbìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ni wọ́n torí rẹ̀ pààrọ̀ mùdùnmúdùn fún un, àìsàn méjèèjì ló lọ. Ní 2011, ilé ìwòsàn Yunifásítì ti Benin, ní Benin City, ṣe é ní Nàìjíríà níbí. Oògùn busulfan àti cyclophosphamide ni a mọ̀ jù fún ìpalẹ̀mọ́ yìí. Wọ́n ń dá egbò sí ẹnu, irun ń re, ọmọ ogun ara sì lè má sí rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, débi pé àìsàn kékeré lè pa ènìyàn. Àgbàlagbà tí àìsàn yìí ti jẹ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kì í sábà lè fara dà á.

Ohun tó tù mí nínú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí wọ́n gbé jáde ní Bethesda, ní Amẹ́ríkà, ní 2009. Wọ́n fi ìtànṣán díẹ̀ àti oògùn tó ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba palẹ̀ mọ́ fún àgbàlagbà 10 tó ní àìsàn yìí, ó sì mú nínú 9. Wọn kò pa mùdùnmúdùn àtijọ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó dá ṣáṣá ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ti alárùn yìí kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Nítorí náà, bí àlejò bá tilẹ̀ gba apá kan péré nínú egungun, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni yóò pọ̀ jù nínú iṣan.

Ní ìparí 2023, Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun fún àìsàn yìí, tí wọ́n ti ń tún sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe, kí wọ́n tó dá a padà fún un. Kò sí àjèjì mọ́, kò sí ìjà. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lo busulfan, torí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tún ṣe ṣì nílò àyè.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní àìsàn yìí, busulfan lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kò tíì pẹ́ jù nígbà yẹn. Ọkùnrin tó ti bàlágà lè fi àtọ̀ pamọ́ ní dídì. Wọ́n lè gba ẹyin obìnrin pamọ́, wọ́n sì lè gé díẹ̀ nínú ilé ẹyin ọmọdébìnrin tọ́jú. Ní ti ọmọkùnrin tí kò tíì bàlágà, ìwádìí lórí tirẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́.