Bí A Ti Ń Sọ̀kalẹ̀ Lórí Oògùn Oró Iṣan

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan àwọn tí dókítà fún ní gabapentin tàbí èkejì rẹ̀, pregabalin, nítorí oró iṣan ìmọ̀lára. Kì í ṣe bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe bí a ṣe ń fi í sílẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó ara wọn sínú ewu láìmọ̀.

Oró yìí kò jọ ìrora egbò. Àtọ̀gbẹ tí ó pẹ́ lára a máa ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, ẹsẹ̀ a sì máa jó ẹni lóru bí ẹni tí ó tẹ ẹyin iná. Ara àwọn mìíràn sú roro sí ẹ̀gbẹ́ kan. Roro jiná, oró kò lọ. Gabapentin, tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1993 fún wárápá, ni ó wá di oògùn tí àwọn dókítà ń lò fún irú èyí. Ó ń mú kí iṣan tí ń pariwo rọlẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ara a gbára lé e. Bí a bá yọ ọ́ lójijì, gbogbo ariwo náà a tún sọ lẹ́ẹ̀kan: oorun a dá, àyà a máa já, inú a máa ru, ara a máa làágùn, nígbà mìíràn gìrì a mú ẹni, pàápàá ẹni tí ó ní wárápá. Nítòótọ́, àwọn kan ń ṣì í lò, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kó oògùn méjèèjì sábẹ́ òfin ní oṣù kẹrin 2019. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń lò ó bí dókítà ti wí kò ní ìtìjú kankan níbẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń sọ̀kalẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni kí ó máa jáde. Ìtọ́sọ́nà kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí a má ṣe dín gabapentin kù ju 300 mílígíráàmù lọ láàárín ọjọ́ 4, kí a má sì dín pregabalin kù ju 50 sí 100 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ń lo hóró gabapentin oní-300 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Dókítà lè ní kí ó fi ti ọ̀sán sílẹ̀ fún ọjọ́ 4, kí ó wá fi ti àárọ̀ náà sílẹ̀, kí ó ku ti alẹ́ nìkan fún ọjọ́ 4 mìíràn, kí ó tó dúró pátápátá. Èyí ni ó yá jù. Ẹni tí ó ti lò ó fún ọdún pípẹ́ lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ṣe é, lójú tiwa sì ni èyí ti dára jù. A kì í la hóró náà sí méjì. Oní-100 wà tí dókítà lè kọ.

Bí ara bá ni ín, kí ó má ṣe sáré padà sí iye àkọ́kọ́. Kí ó dúró lórí ibi tí ó dé, kí ó sì sọ fún dókítà. Ìnira ìdáwọ́dúró a máa yọjú láàárín ọjọ́ mélòó kan, a sì máa rọlẹ̀. Oró àtijọ́ a máa padà sí ojú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, kì í sì í fẹ́ lọ.

Ohun tí ó ń dùn wá jù nìyí: ọ̀pọ̀ nínú wa kò pinnu láti dáwọ́ dúró, páálí oògùn ni ó pinnu fún wọn. A san owó ilé, a san owó ilé-ìwé, oògùn a wá ku hóró méjì. Tàbí a lọ sílé fún òkú ọjọ́ mẹ́ta, ó di ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́mísì abúlé kò sì ní in. Ẹ ṣírò ọjọ́ 8 tí a kà lẹ́ẹ̀kan: hóró 12 péré ni ó gbà. Ẹni tí ó bá lọ bá dókítà pẹ̀lú 12 lọ́wọ́ ṣì ní ọ̀nà. Ẹni tí ó kù sí ẹyọ kan ti há. Ẹ má tijú láti sọ pé owó ni kò sí. Ó yẹ kí dókítà gbọ́ èyí kí ó tó kọ ìwé oògùn.

Àwọn kan a tún máa fi ti àárọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi nítorí Kọmúníọ̀n Mímọ́. Òfin Ìjọ 919 yọ omi àti oògùn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀ wákàtí kan náà. Ẹ lo oògùn yín kí ẹ tó wá sí Mísà.

Ẹ má sì ṣe fi tramadol tàbí ògógóró dípò èyí tí ẹ dín kù. Bí wọ́n bá pàdé gabapentin nínú ara, èémí lè falẹ̀ lójú oorun. Bí gìrì bá mú ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kọ iye tí ẹ ń lò àti ọjọ́ tí ẹ dín in kù sínú ìwé kékeré kan, kí ará ilé sì mọ ibi tí ó wà.