Iṣẹ́ Ẹlẹ́kítírọ́níìkì àti Okùn Ìmọ́lẹ̀: Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Ti Bẹ̀rẹ̀



Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá, tí orúkọ wọn ń jẹ́ WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí etíkun Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ibẹ̀ jìnnà sí Èkó, síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn báńkì kan kò sì lè dá oníbàárà wọn lóhùn bí ó ti yẹ. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé inú okùn dígí tín-ínrín ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun ń gbà. Bí irú okùn bẹ́ẹ̀ bá já, ènìyàn ni yóò lọ so ó. Ta ni ẹni náà? Níbo ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀? Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ òní.

Kò sí àní-àní pé iṣẹ́ yìí ń bẹ. Okùn MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 2010. Equiano gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Ṣùgbọ́n láti etíkun dé ilé ìwòsàn, dé ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ìwé, orí ilẹ̀ ni a ó ti ri okùn mìíràn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò láti ri okùn fíbà tí ó tó kìlómítà 90,000 sí i. Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lẹ́rù ni pé àwọn ẹ̀rọ iṣẹ́ náà wọ́n. Wọ́n rò pé àfi kí owó ẹ̀rọ kọ́kọ́ wà kí ènìyàn tó lè bẹ̀rẹ̀. Èrò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí kò ní ìmọ̀ yóò kàn fi ohun olówó ńlá ba iṣẹ́ jẹ́ ni.

Kí ni okùn fíbà? Dígí ni, tí a yọ́, tí a sì fà gùn bí òwú. Dígí náà fúnra rẹ̀ kò sanra ju ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà lọ. Nínú èyí tí a ń lò fún ọ̀nà jíjìn, àárín gan-an níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Dígí àárín yìí àti èyí tí ó yí i ká kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Nítorí náà, bí ìmọ́lẹ̀ bá fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́, yóò ta padà sí àárín, yóò sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ní orí okùn, ẹ̀rọ ẹlẹ́kítírọ́níìkì ni ó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀. Ní ìdí rẹ̀, òmíràn ni ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ padà di iná. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ méjèèjì fi jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Ìmọ̀ yìí ní ìtàn. Ní nǹkan bí ọdún 984, ní Baghdad, Ibn Sahl kọ ìwé lórí bí ìmọ́lẹ̀ ti ń tẹ̀ bí ó bá gba inú dígí kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ibn al-Haytham, ọmọ Basra, kọ Kitab al-Manazir lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran. Ọ̀nà tirẹ̀ ni pé kí a dán ọ̀rọ̀ wò kí a tó gbà á, ìbáà jẹ́ àgbà onímọ̀ ni ó sọ ọ́. Ní ọdún 1966, Charles Kao àti George Hockham, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní ìlú Harlow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi yé ayé pé ìdọ̀tí inú dígí ni ó ń pa ìmọ́lẹ̀ jù. Wọ́n ní bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ bá lè kù lẹ́yìn kìlómítà kan, okùn náà yóò wúlò. Ní ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe okùn tí ó dára ju ìwọ̀n náà lọ. Lónìí, ìmọ́lẹ̀ lè rin nǹkan bí kìlómítà 15 kí ó tó dín sí ìdajì. Kao gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ ro èyí dáadáa. Bí a bá fi iná so orí okùn méjì pọ̀ bí ó ti tọ́, ohun tí ìsopọ̀ náà yóò jẹ kò ní ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ bá jẹ́ kí eruku tàbí ọ̀rá ọwọ́ kàn án, tàbí bí ó bá gé e ní wọ́gọwọ̀gọ, ìsopọ̀ kan ṣoṣo lè gbé ìdajì mì. Àìmọ́tótó ìṣẹ́jú kan yóò wá jẹ ìmọ́lẹ̀ tó ohun tí dígí kìlómítà 15 ń jẹ. Lẹ́yìn náà, a ó fi ike bo ìsopọ̀ yìí, a ó tì í sínú àpótí, a ó sì rì í mọ́lẹ̀. Kò sí oníbàárà tí yóò rí i. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ oníṣẹ́ tòótọ́.

Báwo wá ni ọ̀dọ́ yóò ṣe bẹ̀rẹ̀?

Èkínní, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí iná kékeré, kí ó má ṣe kọ́kọ́ fọwọ́ kan iná ilé. Bátìrì fólítì 9, iná kékeré tí a ń pè ní LED, rẹsítọ̀ díẹ̀ àti mítà kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀. LED pupa a máa lo nǹkan bí fólítì 2. Fólítì 7 ni yóò kù fún rẹsítọ̀. Bí a bá fẹ́ kí iná tí ń kọjá jẹ́ 0.02 ámpíà, a ó fi 0.02 pín 7, yóò sì fún wa ní 350 óòmù. Ọ̀kan lára àwọn tí a lè rí lọ́jà, tí kò sì ní jẹ́ kí iná pọ̀ jù, ni 390. Ṣùgbọ́n rẹsítọ̀ tí ó ní ìlà aláwọ̀ wúrà lè fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín sí iye tí a kọ sí i lára. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ ṣírò, kí ó fi mítà wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ iye méjèèjì sínú ìwé. Ẹni tí ó bá lè ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ ti wọ ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà.

Èkejì, kí ó wá olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ wà, tí a ti ń ṣe ìdánwò NABTEB, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1992. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga polí náà wà. Ẹgbẹ́ Fiber Optic Association, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1995, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Kí ọ̀dọ́ tẹ̀ lé àwọn tí ń ri okùn, kí ó má tijú láti gbẹ́ ilẹ̀ àti láti fa okùn, títí ọ̀gá yóò fi gbé ẹ̀rọ ìsopọ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe yunifásítì nìkan ni ilé ìmọ̀. Ẹ má sì ṣe fi iṣẹ́ yìí mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin: ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ni ó ń fẹ́, ohun tí a bá sì fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí ó pa òfin ààbò mọ́. Ìmọ́lẹ̀ lésà inú okùn fíbà kò ṣeé fojú rí, bẹ́ẹ̀ ni ó lè ba ojú jẹ́. Nítorí náà, a kì í yọjú wo ẹnu okùn. Èérún dígí a máa wọ ara láìmọ̀; kí ó kó o sínú ìgò tí ó ní ìdérí, kí ó má sì jẹun níbi iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, tí ó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni òtítọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ilẹ̀ yóò ti ṣú, tí ọ̀gá yóò máa kánjú, tí mítà yóò sì sọ pé ìsopọ̀ kò dára. Ó rọrùn láti kọ iye mìíràn sínú ìwé kí a sì bo ihò. Kí ọ̀dọ́ gé okùn náà, kí ó tún un ṣe. Ó lè jẹ́ pé dókítà tí ń dúró de èsì àyẹ̀wò aláìsàn ni ó wà ní ìdí okùn náà, tàbí ọmọ ìwé tí ń ṣe ìdánwò. Wọn kò mọ orúkọ ẹni tí ó so ó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ra mítà àti bátìrì, kí ó sì la ìwé ìwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àmín.